Ẹ Má Da Ẹyin Ẹja Àrọ̀ Nù: Oúnjẹ Iyì Ni Fún Ẹni Tí Ó Bá Mọ Ìlò Rẹ̀

Ẹ̀yin olùsìn ẹja, ẹ̀yin alágbàtà àti ẹ̀yin ìyá tí ń yan ẹja tà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ní ọjọ́ tí a bá kó ẹja àrọ̀ jáde nínú adágún, tí a sì ń la inú wọn kí a tó yan wọ́n, ohun mẹ́ta ni ó máa ń kún igbá ìdọ̀tí: ìfun, òróòro àti àpò ẹyin. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ pé ẹyin ẹja dùn nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja bá pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìwọ̀nba ni ẹnu lè jẹ. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù a máa lọ sí ààtàn tàbí kí ó di oúnjẹ ajá. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé ẹyin tí a ń dà nù yìí jẹ́ ìbátan oúnjẹ kan tí àwọn olówó òkè òkun ń fi owó gọbọi rà. A ó tún sọ ọ̀nà mẹ́rin tí ẹ lè gbà sè é àti tí ẹ lè gbà tọ́jú rẹ̀ nínú ilé, láìná owó púpọ̀, láìsì fi ara wewu.

OÚNJẸ TÍ A Ń PÈ NÍ CAVIAR

Caviar ni ẹyin ẹja ńlá kan tí a ń pè ní sturgeon, tí a yọ kúrò nínú àpò rẹ̀, tí a sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí. Òkun Caspian, tí ó wà láàrin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Ìránì, Kazakhstan, Turkmenistan àti Azerbaijan, ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù lọ. Ṣíbí kékeré ni a fi ń bù ú jẹ, nítorí pé owó rẹ̀ kọjá agbára ènìyàn púpọ̀.

Kí ni ó mú kí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ẹja náà kì í tètè dàgbà. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn, tí a ń pè ní beluga, abo rẹ̀ lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ní ẹyin nínú. Ìdí kejì ni pé àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Àwọn ìsédò ńlá tí wọ́n kọ́ sórí odò Volga dí ọ̀nà tí ẹja náà ń gbà lọ sí ibi tí ó ti ń yé. Nígbà tí ìjọba Soviet sì tú ká ní ọdún 1991, àwọn apẹja tí kò gba àṣẹ pọ̀ sí i lórí òkun náà. Láti ọdún 1998 ni àdéhùn àgbáyé ti fi òfin de títà gbogbo irú sturgeon láti ilẹ̀ kan sí òmíràn láìní ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2022, àjọ IUCN tí ń ṣọ́ ẹ̀dá inú igbó àti inú omi kéde pé gbogbo irú sturgeon mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó ṣẹ́kù ni ó wà nínú ewu àparun. Nísinsìnyí, inú adágún ni wọ́n ti ń sin èyí tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà, ilẹ̀ Ṣáínà ni ó sì ń pèsè jù. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn tí ń pa ẹja nítorí ẹyin nìkan. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó kan odò tiwa náà.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN FI RỌ́PÒ RẸ̀

Àwọn tí owó caviar kò ká lọ́wọ́ kò jókòó kí wọ́n máa wo àwọn olówó lẹ́nu. Olúkúlùkù wo inú omi tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Iceland àti Nọ́wè, ẹyin ẹja kan tí a ń pè ní lumpfish ni wọ́n ń fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì ń rẹ ní aró dúdú tàbí pupa kí ó lè fara jọ caviar. Àwọn ará Jàpáànì ń fi iyọ̀ sí ẹyin ẹja salmon, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì. Àwọn ará Gíríìsì ń po ẹyin ẹja pọ̀ mọ́ búrẹ́dì, òróró àti omi ọsàn kíkan, wọ́n sì ń fi búrẹ́dì mìíràn jẹ ẹ́.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti ilẹ̀ Mauritania, níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní etí òkun ibẹ̀, àwọn obìnrin ẹ̀yà Imraguen a máa yọ odidi àpò ẹyin ẹja mullet, wọ́n a fi iyọ̀ sí i, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n a sì sá a títí yóò fi le. Wọ́n ń tà á fún àwọn ará Yúróòpù ní owó tí ó jọjú. Bí àwọn obìnrin apẹja bá lè sọ àpò ẹyin di owó níbi tí aṣálẹ̀ ti pàdé òkun, a jẹ́ pé àwa tí igi àti omi wà lọ́dọ̀ wa kò ní àwíjàre.

ÌDÍ TÍ ÀRỌ̀ FI DÁRA FÚN IṢẸ́ YÌÍ

Nínú àwọn ẹja tí a ń sìn ní ilẹ̀ wa, àrọ̀ ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí jù. Ẹja ẹpìyà ní ẹyin tí ó tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kéré púpọ̀, inú ẹnu ni ìyá rẹ̀ sì ń gbé e sí títí yóò fi pa. Abo àrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti tó oṣù méje sí méjìlá nínú adágún, ẹyin a bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú rẹ̀. Èyí tí ẹyin rẹ̀ bá ti gbó dáadáa lè ní ẹyin tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gíráàmù kan ṣoṣo, ẹyin bí 600 sí 700 ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá pa ẹgbẹ̀rún ẹja tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò kan, tí ìdajì wọn jẹ́ abo, tí ó sì jẹ́ pé ìdajì àwọn abo náà ni ẹyin wọn gbó, 250 ẹja ni ẹ óò rí ẹyin nínú wọn. Bí a bá rí 100 gíráàmù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹran ara ni ẹ ń sọ sí ààtàn yẹn. Ẹ sì rántí pé ẹyin tí ó wà nínú ẹja náà, oúnjẹ tí ẹ fi owó rà fún un ni ó dá a.

Oúnjẹ tí ń kọ́ ara ni ẹyin ẹja. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, amúaradàgbà tó bí 22 gíráàmù. Ó tún ní ọ̀rá tí ó dára fún ọpọlọ àti ọkàn. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi iyọ̀ pa mọ́ kì í ṣe oúnjẹ àjẹyó. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pẹ̀lú: ẹyin àrọ̀ kì í ṣe caviar, kò sì ní dà bí i ní ẹnu. Hóró rẹ̀ kéré, kì í sì í fọ́ lẹ́nu bí ti sturgeon tàbí ti salmon. Adùn tirẹ̀ ni ó ní, kò sì sí ìdí láti fi aró pa á láró kí a lè máa pè é ní ohun tí kì í ṣe.

BÍ A ṢE Ń YỌ ẸYIN LÁÌBÀ Á JẸ́

Bí a bá fi sùúrù tú èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Sùúrù yìí gan-an ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

1. Ẹ má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ fún ọjọ́ kan kí ẹ tó pa á, kí ìfun rẹ̀ lè ṣófo.

2. Ẹ ya abo sọ́tọ̀. Ikùn abo tí ó ní ẹyin máa ń yọ, ó sì máa ń rọ̀ bí a bá fi ọwọ́ kàn án. Akọ ní ohun ṣóńṣó gígùn kan lẹ́bàá ihò ìdí rẹ̀. Ti abo kúrú, ó sì rí roboto.

3. Ẹja tí ó wà láàyè nìkan ni kí ẹ lò. Ẹyin ẹja tí ó ti kú láti òwúrọ̀ kò dára mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran rẹ̀ ṣì lè ṣeé yan.

4. Ẹ la ikùn láti ìdí lọ sí ọ̀nà orí. Kí ẹnu ọ̀bẹ má ṣe wọlé jù, kí ó má baà gún òróòro. Bí òróòro bá tú sí ẹyin, kíkorò rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

5. Àpò ẹyin méjì ni ẹ óò rí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ fi ọwọ́ yọ ọ́ lódidi. Èyí tí ó dára máa ń dán, kì í sì í rùn. Ẹ da èyí tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ dídì, tí ó bá ṣì ń rùn, tàbí tí ẹ bá rí aràn nínú rẹ̀ nù.

6. Ẹ fi omi iyọ̀ tútù ṣàn án. Ṣíbí tíì kan tí ó dọ́gba nínú omi lítà kan ti tó. Ẹ má ṣe rẹ ẹ́ sínú omi lásán, nítorí pé omi lásán máa ń mú kí ẹyin àrọ̀ tí ó ti gbó lẹ̀ mọ́ ara wọn bí àtè.

Láti ìgbà tí ẹ bá ti yọ ẹyin títí di ìgbà tí yóò fi dé orí iná tàbí inú iyọ̀, kí ó má ṣe ju wákàtí kan lọ. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ lé orí omi dídì.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: SÍSÈ LÓDIDI

Èyí ni ó rọrùn jù. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àpò ẹyin ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó má baà bẹ́. Ẹ dì í mọ́ inú ewé mọ́ínmọ́ín, kí ẹ sì gbé e sínú omi tí ẹ ti fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti ata sí. Kí omi máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, gẹ́gẹ́ bí àpò náà bá ṣe nípọn tó. Bí ẹ bá gé e, tí inú rẹ̀ sì le dé àárín, ó ti jinná. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyin adìẹ sísè, kí ẹ fi jẹ iṣu, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì. Ọjọ́ náà ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀NÀ KEJÌ: FÍFI ṢE OHUN ÌPALÓ BÚRẸ́DÌ

Ẹ mú 200 gíráàmù ẹyin tí ẹ ti sè lọ́nà kìíní, kí ẹ bó awọ rẹ̀ kúrò. Ẹ rẹ búrẹ́dì tí a ti gé etí rẹ̀ kúrò, bí ègé méjì, sínú omi, kí ẹ sì fún un gbẹ. Ẹ gún méjèèjì pọ̀ nínú odó kékeré pẹ̀lú àlùbọ́sà díẹ̀ tí a rin. Ẹ máa da òróró ẹ̀pà sí i díẹ̀díẹ̀, bí ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, kí ẹ sì máa rò ó títí yóò fi kúnná. Lẹ́yìn èyí, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, kí ẹ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Ó yẹ fún àlejò, ó sì yẹ fún ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ní fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ, ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí iná kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tí ẹ óò jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ pò.

Ọ̀NÀ KẸTA: HÓRÓ ẸYIN ONÍYỌ̀

Èyí ni ó sún mọ́ caviar jù. Ẹ la àpò ẹyin, kí ẹ gbé e sórí asẹ́ tí ihò rẹ̀ tóbi ju hóró ẹyin lọ díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí hóró máa já bọ́ sínú abọ́ tí omi iyọ̀ wà, kí awọ sì wà lókè. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì nínú omi iyọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ ro tán.

Ẹ wọn ẹyin náà. Fún 100 gíráàmù ẹyin, ẹ wọn iyọ̀ gíráàmù mẹ́rin, èyí tí kò tó ṣíbí tíì kan tí ó dọ́gba. Ẹ pò ó pọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì dà á sínú abọ́ kékeré tí ó ní ọmọrí. Ẹ wá gbé abọ́ náà sínú ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀, kí oru omi sè é fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má baà dì. Bí ó bá tutù, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè bu díẹ̀ sórí ẹyin adìẹ sísè, sórí ọ̀dùnkún tàbí sórí ìrẹsì.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé wọn kì í sè é ní òkè òkun, èé ṣe tí àwa fi ń sè é? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹja omi adùn lè ní aràn tí iyọ̀ díẹ̀ kò lè pa. Ẹni tí kò bá fẹ́ lo iná ní láti jẹ́ kí ẹja náà dì gan-an nínú ẹ̀rọ tí òtútù rẹ̀ tó ìwọ̀n ogún sí ìsàlẹ̀ òdo ti Celsius fún odidi ọjọ́ méje láìsinmi. Ilé tí iná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ṣe èyí. Iná ìdáná ni ó dá wa lójú.

Ọ̀NÀ KẸRIN: ÀPÒ ẸYIN YÍYAN

Ọ̀nà yìí ni ó dára jù fún ẹni tí kò ní fíríìjì àti fún ẹni tí ó fẹ́ tà á. Àpò ẹyin tí kò ya ni kí ẹ mú. Fún kílò kan, ẹ lo iyọ̀ gbígbẹ 150 gíráàmù. Ẹ fi iyọ̀ náà pa á yí ká, kí ẹ tò ó sínú agbọ̀n tàbí asẹ́ kí omi rẹ̀ lè máa ro, kí ẹ dà á bò, kí ẹ sì fi í sí ibi tútù di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ wá ṣàn iyọ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sí àárín pákó mímọ́ méjì, kí ẹ gbé òkúta tí kò wúwo jù lé e fún wákàtí méjì, kí ó lè rí pẹlẹbẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tò ó sórí àwọ̀n ààrò. Ààrò ìyẹ́ja tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí lórí Ìtọ́jú Ohun Ọ̀gbìn ní Ìlọrin ṣe dára, bẹ́ẹ̀ náà ni ààrò Chorkor tí ó ti ilẹ̀ Gánà wá. Ní wákàtí àkọ́kọ́, iná níláti tó èyí tí yóò mú kí inú ẹyin gbóná ju ìwọ̀n 70 Celsius lọ, kí ó lè jinná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dín iná kù, kí èéfín wọ́ọ́rọ́wọ́ sì máa gbẹ ẹ́ lọ títí tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi dín sí ìdajì tàbí kí ó kéré sí i. Igi líle gbígbẹ ni kí ẹ fi dáná. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá, táyà tàbí pákó tí a kùn ní ọ̀dà dáná. Májèlé inú wọn a máa wọ inú oúnjẹ.

Bí ó bá gbẹ dáadáa, ó le bí awùsá. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ fi bébà mímọ́ dì í, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọ̀rinrin kò sí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá bu, ẹ má ṣe ha á kí ẹ sì jẹ ẹ́. Ẹ dà á nù. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ rin díẹ̀ sórí ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ẹ óò sì dín iyọ̀ ọbẹ̀ náà kù.

ÀWỌN ÌKÌLỌ̀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FOJÚ FO

Ìkíní: Ẹ má ṣe jẹ ẹyin ẹja tí a gún ní abẹ́rẹ́ kí ó lè yé. Ẹyin ìmújáde ọmọ ẹja ni èyí, kì í ṣe ti ìkòkò. Bákan náà, bí ẹ bá fún ẹja ní oògùn àìsàn, ẹ dúró kí iye ọjọ́ tí a kọ sára oògùn náà pé kí ẹ tó pa á.

Ìkejì: Ẹja kan wà nínú odò àti ọ̀sà wa tí ó máa ń fẹ́ ikùn rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí a bá mú un. Ẹyin rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní oró tí ń pa ènìyàn, sísè kò sì lè mú un kúrò. Ẹyin ẹja tí ẹ kò bá mọ̀ dájú, ẹ má ṣe jẹ ẹ́.

Ìkẹta: Ẹ má ṣe rẹ ẹyin ẹja oníyọ̀ sínú òróró nínú ìgò kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì gbé e sórí pẹpẹ. Kòkòrò kan wà tí ń hù níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Oró tí ó ń pèsè kì í rùn, kì í sì í yí adùn padà, ṣùgbọ́n ó lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á.

Ìkẹrin: Ẹni tí ó bá fẹ́ dì í tà ní ilé ìtajà níláti gba ìwé àṣẹ NAFDAC.

Ìkarùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù. Gbogbo ohun tí a sọ yìí, ẹja adágún ni a ń bá wí, èyí tí a fẹ́ pa fún ẹran tẹ́lẹ̀. A kò pa ẹja kan kún un nítorí ẹyin. Ṣùgbọ́n ẹja odò kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí omi sì kún bo etí odò, ìgbà náà ni abo àrọ̀ ń jáde lọ sí ẹsẹ̀ koríko láti yé. Ẹni tí ó bá dẹ àwọ̀n dè é lójú ọ̀nà yìí nítorí ẹyin inú rẹ̀ ń ṣe ohun tí àwọn apẹja Caspian ṣe sí sturgeon. Àwọn olùtọ́jú ọmọ ẹja pàápàá a máa nílò ìyá ẹja láti inú odò kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọ inú ìran ẹja wọn. Bí odò bá ṣófo, adágún náà yóò jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kó ẹja jáde, kí ẹ gbé abọ́ mímọ́ kan, iyọ̀ àti omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń la ẹja. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹyin ẹja mẹ́wàá péré dán an wò, kí ẹ kọ ìwọ̀n ẹyin, ìwọ̀n iyọ̀ àti iye wákàtí tí ẹ fi yan án sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e lọ sí ọjà. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ kàn sí òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì mú ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́, kí ó lè rí ibi tí àtúnṣe yẹ.